Orí Karùn-ún: Ẹja Tó Gòkè Wá Mí

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa nígbà tí Bọ̀ọ̀dá mi pè mí lórí fóònù. Wọn ò kí mi. Wọ́n ní, "Dìde, wá wo nǹkan." Ẹ̀yìnkùlé wọn ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ni wọ́n gbẹ́ adágún ẹja sí, ọ̀kan péré, wọ́n sì da àrọ̀ àti epìyà pọ̀ sínú rẹ̀. Nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ojú omi ń hó bí ìkòkò ọbẹ̀. Ẹnu ẹja ni. Gbogbo epìyà inú omi náà ló ti gòkè, wọ́n na ẹnu sókè, wọ́n ń là á, wọ́n ń pa á dé, bí ọmọ iléékéwú tó ń ka wàláà láìmú ohùn jáde.

Àǹtí mi, ìyàwó wọn, bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹja ń kí wa káàárọ̀ ni. Ọmọ wọn kan tilẹ̀ ti sáré lọ gbé igbá, torí kí la tún fẹ́ fi àwọ̀n ṣe nígbà tí ẹja ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá? Oòrùn ò tíì yọ tán tí ẹ̀rín fi kásẹ̀ nílẹ̀. Epìyà bẹ̀rẹ̀ sí í yí ikùn funfun sókè, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Àrọ̀ kankan ò kú.

"Ta ló da oró sí i?" Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu Bọ̀ọ̀dá nìyẹn, ojú wọn sì ti ń lọ sí ògiri aládùúgbò. Ẹni tó gbà wá lọ́wọ́ ìjà ọjọ́ náà ni ìyá ẹlẹ́ja tó máa ń wá ra ọjà lọ́wọ́ wọn. Ìyá mú epìyà kan, wọ́n ṣí etí rẹ̀, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ní oró wo ló mọ epìyà yàtọ̀ sí àrọ̀? "Omi yín ló há mọ́ wọn lọ́fun."

Ìyá ò kọ́ ẹ̀kọ́ ẹja ní fásitì kankan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn ò yẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú omi náà ló ti tán kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹja ń mí. Omi tó ń gbà sẹ́nu ló ń tú jáde lábẹ́ etí, àwọn awẹ́ pupa tí a máa ń ṣí wò lọ́jà ká tó sanwó ló sì ń já ọ́síjìn gbà lára omi náà bó ti ń kọjá. Iṣẹ́ ńlá ni, torí ohun tó ń wá kò pọ̀ níbẹ̀. Lítà afẹ́fẹ́ kan tí èmi àti ẹ̀yin ń fà símú ní ọ́síjìn tó lé ní 250 mílígíráàmù nínú. Lítà omi odò kan, nínú ooru ilẹ̀ wa, kò lè gbà ju nǹkan bíi 7.5 lọ. Omi tútù ń gbà jù bẹ́ẹ̀. Èyí tó kù díẹ̀ kó di yìnyín lè gbé ju 14 lọ. Omi òkun tilẹ̀ tún kéré sí ti odò, nítorí iyọ̀ inú rẹ̀ ń dín àyè ọ́síjìn kù ni. Ẹja ilẹ̀ olóoru ti ń fi kọ́bọ̀ jẹun láti ọjọ́ aláyé ti dáyé.

Ọ̀nà méjì péré ni ọ́síjìn ń gbà wọ omi. Ó ń gba ojú omi wọlé, pàápàá níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń rú u tàbí tí omi ń fo orí àpáta. Ọ̀nà kejì ni àwọn ewé omi tíntìntín tí ojú lásán ò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tó máa ń sọ omi adágún di aláwọ̀ ewé. Lọ́sàn-án, wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ ara wọn, wọ́n sì ń tú ọ́síjìn sómi. Ṣùgbọ́n ewé náà ń mí. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ọ́síjìn tí wọ́n pa lọ́sàn-án ni wọ́n tún ń ná lóru, àwọn àti ẹja àti gbogbo kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ omi. Bọ̀ọ̀dá mi ń fún ẹja lóúnjẹ bí ẹni ń fún àlejò ọdún. Èyí tí ẹja ò jẹ ń rì lọ sísàlẹ̀, ó ń jẹrà, kòkòrò àìfojúrí sì ń fi ọ́síjìn jẹ ẹ́. Ó di òru kan tí afẹ́fẹ́ ò fẹ́, tí ìkùukùu ti bo ojú oòrùn ní ọ̀sán tó ṣáájú, ìnáwó bá ju owó tó wọlé lọ. Wákàtí tí àpò ń gbẹ jù ni ìdájí.

Àrọ̀ yè é nítorí pé Ọlọ́run fi ohun kan sí i lórí, lókè awẹ́ etí rẹ̀, ohun pupa tó pẹ̀ka bí igi kékeré, tó fi lè mí afẹ́fẹ́ òkè gan-an bíi tiwa. Ìdí nìyẹn tí àrọ̀ fi ń pẹ́ láyé nínú báàfù ọlọ́jà. Epìyà ò ní in. Ohun tí epìyà lè ṣe ò ju kó gòkè wá, kó máa mu omi tẹ́ẹ́rẹ́ tó fara kan afẹ́fẹ́.

Àgbà ní a kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí a ò bá lé ejò, ejò ń lé wa. Nígbà tí mo padà sílé lọ́jọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ibi tí mo ti gbọ́ pé ẹja dédé pọ̀ lójú omi tàbí létí omi, tí ènìyàn gbé agbọ̀n, tí wọ́n ń dúpẹ́. Wọ́n pọ̀ ju bí mo ti rò lọ. Àwọn ni mo fẹ́ fi tọ ọ̀nà omi náà títí dé òkun.

Ẹni tó bá mọ Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, bàtá ló sábà fi mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ Àyàn ìlú wa ti lu bàtá dé ìlú òyìnbó. Ṣùgbọ́n omi náà mọ̀ wá. Odò Erinlẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ Ìlobùú aládùúgbò wa kọjá, níbi tí wọ́n ti ń bọ Erinlẹ̀, ọdẹ tó di odò. Àwọn tó ń bọ ọ́ kì í pe odò náà ní ohun kan ṣoṣo. Wọ́n ń ka àwọn ibi tó jìn nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń pè wọ́n ní ibú, ibú kọ̀ọ̀kan sì ní orúkọ àti ìwà tirẹ̀. Mo fẹ́ràn èyí gan-an, torí onímọ̀ omi náà kì í fojú kan wo odò. Ibi tó ń sáré lórí òkúta ń mí. Ibú ni wàhálà wà. Oòrùn ń mú òkè ibú gbóná, omi gbígbóná sì fúyẹ́, ó dúró sókè. Èyí tó tutù wúwo, ó jókòó sísàlẹ̀. Méjèèjì lè wà nínú ibú kan náà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí wọ́n má dàpọ̀. Ewé, òkú kòkòrò, ìgbẹ́ ẹran, gbogbo rẹ̀ ń já bọ́ sísàlẹ̀, wọ́n ń jẹrà níbẹ̀, wọ́n ń jẹ ọ́síjìn tán, kò sì sí èyí tó ń ti òkè wá dípò rẹ̀. Ẹni tó dúró létí bèbè yóò rí omi tó tòrò.

Nígbà tí ìjọba sé Erinlẹ̀ nítòsí Ẹdẹ kí àwọn ìlú agbègbè wa lè rí omi ẹ̀rọ mu, wọ́n sọ odò tó ń sáré di ibú ńlá kan. Mi ò bá wọn jà. Omi náà ni mo mu dàgbà. Ṣùgbọ́n dáàmù ni ibi àkọ́kọ́ tí ohun tí a bá dà sódò ń gúnlẹ̀ sí, kó tó ronú ọ̀nà Èkó. Ọṣẹ ìfọṣọ, ajílẹ̀ oko, ìgbẹ́ adìẹ, ẹ̀jẹ̀ ilé ìpẹran: oúnjẹ ni gbogbo wọn jẹ́ fún ewé omi, ewé omi tó bá sì kú ń di oúnjẹ fún kòkòrò àìfojúrí ìsàlẹ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ni irú omi bẹ́ẹ̀ lè yíjú padà. Òtútù òru á mú òkè omi tutù, yóò wúwo, yóò rì, omi ìsàlẹ̀ tí kò ní ọ́síjìn yóò sì gòkè. Ibi tí wọ́n ti mọ ìyípadà yìí jù ní apá ọ̀dọ̀ wa ni Adágún Bosomtwi ní ilẹ̀ Àṣáńtì, ní Gánà. Níbẹ̀, oṣù kẹjọ tí ojú ọjọ́ tutù ni ó sábà ń ṣẹlẹ̀. Àwọn ará etí adágún náà ní òrìṣà omi wọn, Twe, ló yìnbọn. Òórùn á bo ibẹ̀, ẹja á sì léfòó, àwọn ènìyàn á wá kó o. R. S. Rattray, òyìnbó tó kọ̀wé nípa Àṣáńtì, ti kọ nípa ẹ̀tù Twe yìí nínú ìwé rẹ̀ ti 1923. Mi ò rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ẹ̀tù náà. Ẹni tó bá gbóòórùn gáàsì tó ń ti inú ẹrẹ̀ tí kò ní ọ́síjìn jáde, gáàsì tó ń rùn bí ẹyin rírà, á mọ̀ pé bí ìbọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dún ló rí nímú.

Lẹ́yìn dáàmù, Erinlẹ̀ wọ inú Ọ̀ṣun. Ọ̀ṣun sì ń gbé ẹrù tirẹ̀ bọ̀: láti nǹkan bí ọdún 2018 ni omi rẹ̀ ti pọ́n bí omi amọ̀ nítorí àwọn tó ń wa góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ẹrẹ̀ náà sì ń dí oòrùn lójú kó má lè dé ọ̀dọ̀ ewé omi. Ó gba dáàmù Àṣẹ́jírẹ́ kọjá, ó sọ̀kalẹ̀ gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó wọ Ọ̀sà Lẹ́kkí lọ́wọ́ Ẹ̀pẹ́. Láti ibẹ̀ omi náà ń wọ́ lọ sí Ọ̀sà Èkó, ẹnu èbúté Èkó ló sì ti ń pàdé òkun. Ìdọ̀tí Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun tó dé ibẹ̀ ò pọ̀. Dáàmù méjì ti dá a dúró lọ́nà. Ṣùgbọ́n ìlú tó wà létí odò láti ibí dé Ẹ̀pẹ́ kò ṣeé kà, Èkó fúnra rẹ̀ ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò ìrànlọ́wọ́ wa.

Èkó tí mo sọ yìí, ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ní 1958, M. B. Hill àti J. E. Webb láti Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn tẹ ìwádìí kan jáde nípa ọ̀sà náà àti èbúté rẹ̀: bí iyọ̀ inú rẹ̀ ṣe ń lọ tó ń bọ̀ pẹ̀lú òjò, àti irú ẹ̀dá tó ń gbé ibi kọ̀ọ̀kan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun ń rá wọlé; nígbà òjò, odò ń tì í jáde. Omi iyọ̀ wúwo ju omi odò lọ, nítorí náà níbi tí wọ́n bá ti pàdé, iyọ̀ á wọ abẹ́, omi odò á gùn ún lẹ́yìn. Ibú tún nìyẹn, ibú tí iyọ̀ dá sílẹ̀.

Lórí ìyẹn ni Èkó wá da ẹrù rẹ̀ lé. Ìgbẹ́ ìlú, láti ayé agbépóò títí dé ayé ọkọ̀ tó ń fa ṣálángá, Ìddó ni wọ́n ti ń tú u sínú ọ̀sà. Nítòsí ibẹ̀, ní Òkóbàbá, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn sọ́mìlì fi ń la gẹdú tí wọ́n ti omi fà wá láti ìgbèríko, èérún pákó ń ya sómi, òmíràn ń jóná lórí ilẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ẹni tó bá gba orí afárá Third Mainland kọjá nígbà náà kò nílò kí wọ́n ṣe àpèjúwe. Èérún pákó kì í ṣe oró. Ó kàn ń rì, ó ń jẹrà díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ń fi ọ́síjìn jẹrà.

E. A. Ajao àti S. O. Fagade lọ wa ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ọ̀sà yìí wò. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1990, ẹ̀dá kan tí wọ́n fojú sí ni ekòló omi kékeré kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Capitella capitata. Ibi gbogbo láyé ni wọ́n ti mọ ekòló yìí. Kò lẹ́wà, kò dùn-ún jẹ, kò sì lágbára ìjà. Níbi tí ọ́síjìn bá pọ̀, tí akàn àti ìṣáwùrú bá wà, kì í rí àyè gbé. Àfi níbi tí àwọn tó kù bá ti kú tàbí tí wọ́n ti sá, níbẹ̀ ni yóò ti bí sí i, tí yóò rẹ̀. Onímọ̀ tó bá bu ẹrẹ̀ tó sì bá a níbẹ̀ yamùrá, láìsí ẹlòmíràn, ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó wọn omi.

Ní 1984, àlejò kan gba ọ̀nà omi Bàdágìrì wọlé láti ìhà orílẹ̀-èdè Benin: ewé omi olódòdó àlùkò tó ń fẹ̀ bí ẹní. Àwọn ará wa ń pè é ní gbéborùn, olófòófó, torí pé kò sí ilé tí kì í yà. Ojú oró àti òṣíbàtà ti ń gbé lórí omi wa tipẹ́, wọn ò dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Gbéborùn ń di ojú omi pa, afẹ́fẹ́ ò ráyè wọlé, ìmọ́lẹ̀ ò ráyè wọlé, ọkọ̀ ojú omi ò ráyè kọjá. Nígbà tí iyọ̀ bá sì dé lẹ́ẹ̀rùn, á pa á, á rì, gbogbo òkè ewé náà á sì jẹrà nísàlẹ̀. Lọ́dọọdún ni ọ̀sà ń ṣe òkú yìí.

Ní báyìí, báwo la ṣe ń mọ iye ọ́síjìn tó wà nínú omi? Ojú ò rí i, ahọ́n ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà tó gbajúmọ̀ jù, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Hungary kan, Lajos Winkler, ló gbé e jáde ní 1888, wọ́n sì ń lò ó dòní. Ẹ bu omi sínú ìgò, ẹ má jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kan wọ̀ ọ́. Ẹ kán oògùn manganese sí i, àti oògùn kejì tó ní iodine nínú. Bí ọ́síjìn bá wà níbẹ̀, ìgẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ á rọ̀ sísàlẹ̀ ìgò. Bí kò bá sí, funfun ni yóò jẹ́, ẹni tó bá sì ti rí funfun náà rí kì í gbàgbé. Ẹ wá kán ásíìdì sí i, iodine á tú sílẹ̀, iye rẹ̀ á sì máa tẹ̀lé iye ọ́síjìn. Ibi tó kàn ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ bu sítáàṣì sí i, ìdílé kan náà pẹ̀lú ẹ̀kọ tí àwọn aládìrẹ Òṣogbo fi ń ya aṣọ. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ omi ìgò á di aró, bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò. Ẹ óò máa kán oògùn ìparí sí i ní ẹ̀kán ẹ̀kán títí aró á fi ṣí pátápátá. Iye ẹ̀kán tó gbà ni ìdáhùn yín.

Lóde òní ẹ̀rọ wà tó ń tan iná búlúù sára àwọ̀ kan, tí àwọ̀ náà ń tàn padà ní pupa, tí ọ́síjìn bá sì pọ̀, pupa náà á ṣá. A lè gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sínú omi fún oṣù púpọ̀. Lójú agbami, àwọn ẹ̀rọ Argo ń rì dé 2,000 mítà, wọ́n sì ń gòkè wá jíṣẹ́ fún sátẹ́láìtì ní bí ọjọ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá. Díẹ̀ nínú wọn ń wọn ọ́síjìn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó dára jù lọ náà lè parọ́ tí ẹni tó mú un dání bá jí pẹ́. Ọ̀pọ̀ ìwọ̀n omi ni wọ́n ń wọ̀n ní aago mọ́kànlá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán, lójú omi, nítorí ìgbà náà ni ọkọ̀ ilé iṣẹ́ ń jáde, tí oòrùn sì mọ́lẹ̀. Ìgbà tí ewé omi ń pawó lọ́wọ́ nìyẹn, níbi tí owó náà pọ̀ sí jù. Tí ẹnikẹ́ni bá wọn adágún Bọ̀ọ̀dá mi lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ikú epìyà, á kọ ọ́ sílẹ̀ pé omi náà dára. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òtítọ́, kó wá ní ìdájí, kó sì sọ ẹ̀rọ rẹ̀ sísàlẹ̀ ibú.

Nígbà tí a bá wá dé òkun, ìṣirò náà á gbòòrò. Ní 2017, àwọn onímọ̀ mẹ́ta láti ìlú Kiel ní Jámánì kó ìwọ̀n òkun gbogbo ayé jọ, wọ́n rí i pé láti 1960 òkun ti pàdánù ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ọ́síjìn rẹ̀ lọ. Ó lè dà bíi pé kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú kan náà ló ti ń dín kù. Ìdí tó pọ̀ jù lọ ni ooru: omi tó gbóná kò gba ọ́síjìn púpọ̀, ó sì ń jókòó lórí omi tútù bí ìdérí. Etíkun ní ti ara rẹ̀ tún ń gba ajílẹ̀ àti ìgbẹ́ mọ́ ooru. Robert Diaz àti Rutger Rosenberg ka ibi tó lé ní 400 ní 2008 tí ìsàlẹ̀ omi etíkun kò ti ní ọ́síjìn tó, ilẹ̀ wọn lápapọ̀ sì lé ní 245,000 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ní 2018 iye náà ti kọjá 500. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí máàpù náà, àmì pupa kún etíkun Yúróòpù àti Amẹ́ríkà bí eéṣú. Ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kò ju ẹyọ-ẹyọ lọ. Inú mi dùn fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé ibi tí wọ́n ti ń wọn omi ni àmì ń wà.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Mobile Bay, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Nígbà ooru wọn, lóru tàbí ní ìdájí, tí afẹ́fẹ́ jẹ́jẹ́ bá ń ti ìlà-oòrùn fẹ́, tí òkun sì ń wọlé, akàn, edé àti ẹja pẹlẹbẹ á kàn ya sí etí omi lápá ìlà-oòrùn ọ̀sà náà. Wọ́n á dùbúlẹ̀ lórí ara wọn níbi tí omi ò ti dé orúnkún. Ará àdúgbò á máa pe ara wọn lórí fóònù, wọ́n á fi aṣọ ìsùn sáré jáde pẹ̀lú iná àti agbọ̀n. Júbílì ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, àjọ̀dún. Omi ìsàlẹ̀ tí kò ní ọ́síjìn ni afẹ́fẹ́ àti òkun tì sókè sí èbúté, tó sì ká wọn mọ́ bí iná ìgbẹ́ ṣe ń ká agbo ẹran mọ́ ògiri. Òórọ̀ Bọ̀ọ̀dá mi ni, tí wọ́n sọ di ọdún.

Ọ̀rọ̀ ilé wa wà nínú ọ̀sà yẹn náà. Odò Mobile tó ń ṣàn sínú rẹ̀ ni ọkọ̀ Clotilda wọ̀ ní 1860, ọkọ̀ ẹrú tó gbẹ̀yìn tí a mọ̀ tó dé Amẹ́ríkà. Yorùbá wà nínú àwọn tó kó, lára wọn ni Oluale Kossola, tí òyìnbó ń pè ní Cudjo Lewis, tó gbé ibẹ̀ títí ó fi kú ní 1935. Wọ́n ti iná bọ ọkọ̀ náà kí wọ́n lè fi ẹ̀ṣẹ̀ pamọ́. Ní 2019, wọ́n kéde pé àwọn ti rí i, pákó rẹ̀ púpọ̀ ṣì le nínú ẹrẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ pákó kì í rí ọ̀nà mí nínú irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń pa ẹja ló tọ́jú ẹ̀rí náà.

Nítòsí ibẹ̀, níbi tí odò Mississippi ti ń da ajílẹ̀ oko àgbàdo sínú Gulf of Mexico, àwọn onímọ̀ bíi Nancy Rabalais ti ń jáde wọn ìsàlẹ̀ omi lọ́dọọdún láti 1985. Ní 2017, ilẹ̀ tí ọ́síjìn rẹ̀ kò tó 2 mílígíráàmù nínú lítà kan fẹ̀ tó 22,720 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ó ju Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lọ́nà méjì. Ẹja tó lè sá ń sá kúrò. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni ti àwọn tí kò kú. Peter Thomas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Texas yẹ ẹja kroka tó ń gbé létí agbègbè náà wò, wọ́n bá ẹyin tí kò dàgbà, wọ́n tún bá abo tí ẹ̀yà akọ ti ń hù nínú ilé ẹyin rẹ̀. Ẹja náà sanra tó láti tà lọ́jà. Kò sí ìyá ẹlẹ́ja kankan, bó ti wù kó ṣí etí tó, tó lè rí ìyẹn.

Lórí Àtìláńtíìkì tiwa, ní apá ìhà àríwá ìlà-oòrùn ibi olóoru rẹ̀, omi tí ọ́síjìn rẹ̀ kéré ń gùn sókè láti ìsàlẹ̀. Marlin, ẹja ńlá onímú gígùn tó ń sáré bí ọfà, kò lè wọ inú rẹ̀. Lothar Stramma àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò rẹ̀ ní 2012 pé láàárín 1960 sí 2010, ẹja yìí ti pàdánù nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ibùgbé rẹ̀ níbẹ̀. Apẹja tó wà lókè kò ní mọ̀. Ohun tí yóò rí ni pé ẹja ti sún mọ́ ojú omi, àwọ̀n ń kún, iṣẹ́ ń dẹ̀. Ẹ ò rí i pé igbá ọmọ Bọ̀ọ̀dá mi nìyẹn.

Ní 2020, òkú kroka gúnlẹ̀ sí etíkun wa, láti Oǹdó lọ sí Bayelsa. Ní oṣù kẹrin 2021, ó ṣẹlẹ̀ ní Gánà: ẹranko òkun bíi dọ́fínì tó lé ní 60 ní Axim, ẹja ní Osu ní Accra. Lọ́jọ́ náà kò sí ẹni tí kò ní ẹni tó ń nàka sí: epo rọ̀bì, oró, ọkọ̀ òkun ńláńlá. Ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé àìtó ọ́síjìn ló ṣe é, òkú ẹja ọjọ́ kẹta kò lè jẹ́rìí. Afẹ́fẹ́ á ti fẹ́ sómi, ọ́síjìn á ti padà, omi á mọ́ lójú adájọ́. Ẹni tó lè jẹ́rìí ni ẹ̀rọ tó ti wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ kí ẹja tó kú. Mo ń rò ó nígbà tí mo bá ń ra òkú Èkó lọ́jà Ẹ̀rìn, ẹja inú yìnyín tó ti rin omi tí mi ò mọ̀ kó tó wá dé kóòdù rúùmù.

Ó ṣeé tún ṣe. Àwọn ará wa tó ń gbé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ń gba ẹ̀gbẹ́ odò Thames kọjá láìmọ̀ pé ní 1957 ni àwọn onímọ̀ ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀dá níbẹ̀ sọ pé odò náà ti kú, kò sí ẹja tó ń gbé apá tó la ìlú kọjá. Ìgbẹ́ ló pa á. Wọ́n tún ilé iṣẹ́ tó ń sẹ́ ìgbẹ́ ṣe, ẹja padà, wọ́n rí salmon ní 1974. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí òjò ńlá bá rọ̀, kóta á kún, á tú sódò, nítorí náà wọ́n ṣe ọkọ̀ ojú omi tó ń fa omi odò, tó ń fẹ́ ọ́síjìn sí i, tó sì ń tú u padà, tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 30 lójúmọ́. Ní 2025 wọ́n parí ihò kan tó gùn tó kìlómítà 25 lábẹ́ odò náà, kí ìgbẹ́ lè gba ibẹ̀. Owó rẹ̀ á mú ènìyàn joyè ní ìlú púpọ̀.

Bọ̀ọ̀dá mi ò ní ọkọ̀ ọ́síjìn. Wọ́n ra ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fa omi sókè tó ń fọ́n ọn padà bí òjò, wọ́n dín oúnjẹ ẹja kù, wọ́n sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ aládùúgbò fún ohun tí wọ́n kàn rò, tí wọn ò tilẹ̀ sọ jáde. Ní aago mẹ́rin ìdájí, tí iná ìjọba bá wà, ẹ̀rọ yẹn ló ń jí wa. Tí kò bá sí, jẹnẹrétọ̀ ni. Wọ́n á mú tọ́ọ̀ṣì, wọ́n á rọra rìn lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n á tan iná sí omi náà fún ìgbà pípẹ́. Àǹtí á béèrè láti inú yàrá pé kí lẹ rí. Bí wọ́n bá ní "Mi ò rí ẹja kankan," Àǹtí á yí padà, á sùn lọ.